Páálí Tín-ín-rín Tí Mo Tẹ́ Sábẹ́ Okùn Gìtá Kendra

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé ìròyìn yìí, bí ẹnikẹ́ni nínú ilé yín bá ń kọ́ gìtá, ẹ pè é kó wá jókòó tì yín kí ẹ tó máa bá a lọ. Ọ̀rọ̀ tó kàn án gbọ̀ngbọ̀n ni.

Orúkọ mi ni Hobert Quesenberry. Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni mo fi kọ́ èèyàn ní gìtá nínú yàrá kan lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta ìṣó àti ọ̀dà ní Dunmore Gap, láàárín àwọn òkè Virginia. Mo mọ iṣẹ́ náà dunjú. Ohun tí mo mọ̀ yẹn gan-an ni mo fi ba ọwọ́ ọmọlọ́mọ jẹ́.

Gbogbo oṣù kẹjọ ni ìdíje gìtá máa ń wáyé ní pápá ìlú wa. Ẹni tó bá gba ipò kìíní lọ́dún márùn-ún léraléra, wọn yóò fi irin gbígbóná kọ orúkọ rẹ̀ sára pátákó tó wà lẹ́nu ọ̀nà pápá náà, kò sì ní bá ẹnikẹ́ni díje mọ́ láyé rẹ̀. Orúkọ méjì péré ló wà níbẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn ni ti bàbá mi. Èmi ti gba ipò kìíní lẹ́ẹ̀mẹrin léraléra, ó ku ẹyọ kan.

Kendra Goad ni akẹ́kọ̀ọ́ mi tó mọ̀ ọ́n ta jù. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni nígbà tí ìyá ìyá rẹ̀, Màmá Delphia, mú un wá bá mi. Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, ó ti di ẹni ọdún mọ́kàndínlógún. Lọ́dọ̀ tiwa, akẹ́kọ̀ọ́ kì í forúkọ sílẹ̀ fún ìdíje àfi tí tíṣà rẹ̀ bá sọ pé ó tó. Ọdọọdún ni Kendra ń bi mí, ọdọọdún ni mo sì ń dá a lóhùn pé, "Bí ọmọdé bá láṣọ tó àgbà, kò lè ní àkísà tó àgbà. Dúró ná."

Ẹ̀rín ló máa ń rín. "Tíṣà, ṣé àkísà ni wọ́n fi ń ta gìtá ni?"

Lọ́dún yẹn, mi ò lè dá a dúró mọ́. Kọ́lẹ́ẹ̀jì kan ní ìpínlẹ̀ kejì ti kọ̀wé sí i pé tó bá wà lára àwọn mẹ́ta àkọ́kọ́ ní ìdíje wa, wọn yóò gbà á láti wá kọ́ iṣẹ́ orin lọ́fẹ̀ẹ́. Bí kò bá rí i ṣe, ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń gé adìyẹ, níbi tí ìyá rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́, ló ń dúró dè é.

"Mẹ́ta àkọ́kọ́ péré ni wọ́n ní, Tíṣà," ló wí. "Ẹ̀yin ẹ gba ipò kìíní yín. Kí èmi sáà gbé ẹ̀kẹta. Ṣé ìyẹn náà pọ̀ jù?"

"Kò pọ̀ jù," ni mo wí, mo sì fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù rẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ó ta orin kan fún mi, orin tí èmi fúnra mi kọ́ ọ. Ọmọ ogún ọdún ni mo wà tí mo ti ń ta orin yẹn. Ohùn kọ̀ọ̀kan dá dúró gedegbe, ó mọ́, kò sí èyí tó ń tẹ orí èkejì mọ́lẹ̀. Ibì kan wà láàárín orin náà tó le, tí mo máa ń dọ́gbọ́n fò, tí kò sì sẹ́nì kan tó mọ̀ pé mò ń fò ó. Kendra dé ibẹ̀, kò fò ó. Ó gba àárín rẹ̀ kọjá wẹ́rẹ́.

"Ṣé ó dáa bẹ́ẹ̀, sà?"

"Kò burú," ni mo wí.

Ìlara ni. Ẹ jẹ́ kí n pè é lórúkọ tó ń jẹ́. Mo jókòó síbẹ̀, inú mi ń gbóná sí ọmọ tí mo fi ọwọ́ mi tọ́ sínú iṣẹ́, nítorí pé ó gbọ́ ohun tí mo kọ́ ọ.

Ẹ̀yin tí ẹ ní gìtá, ẹ mọ ohun tí ooru máa ń ṣe sí i. Ọ̀rinrin á mú kí igi rẹ̀ wú, okùn á gbéra sókè, á jìnnà sí ọrùn gìtá, ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ á wá máa lo agbára ju bó ṣe yẹ lọ. Àtúnṣe rẹ̀ kò ju ogún ìṣẹ́jú. Ẹ óò tú okùn, ẹ óò yọ eegun pẹlẹbẹ tí okùn gbé orí lé, ẹ óò ha ìdí rẹ̀ díẹ̀, ẹ óò dá a padà. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n ṣe, kó gbé e fún ẹni tó mọ̀ ọ́n.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹfà, Kendra gbé tirẹ̀ fún ẹni tó mọ̀ ọ́n.

"Tíṣà, okùn yìí ti ga jù. Ẹ bá mi rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀."

"Fi í sílẹ̀ síbẹ̀ yẹn. Wá gbé e lọ́la."

Mo tú okùn. Mo yọ eegun náà. Mo ti mú fáìlì lọ́wọ́ láti ha á. Mo kàn ń wo ihò tóóró tí eegun náà ti jáde, ojú mi sì lọ sára káàdì páálí tí mo máa ń kọ àkókò ẹ̀kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi sí. Mo mú sáàsì. Mo gé tín-ín-rín lára káàdì náà, mo ká a sí mẹ́ta, mo tẹ́ ẹ sínú ihò yẹn, mo gbé eegun lé e lórí. Dípò kí okùn wálẹ̀, ó tún lọ sókè sí i. Mo wá fi okùn tó nípọn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ sí i.

Mi ò fẹ́ kó ṣèṣe. Ohun tí mò ń sọ fún ara mi nìyẹn. Mo fẹ́ kí ọwọ́ rẹ̀ falẹ̀ díẹ̀ ni, kó ṣi í tẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lẹ́ẹ̀mẹta níwájú àwọn adájọ́, kó padà wá lọ́dún tó ń bọ̀ tí orúkọ mi bá ti wà lára pátákó. Ti kọ́lẹ́ẹ̀jì ńkọ́? Mo ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ò ní sá lọ. Bẹ́ẹ̀ mo ti ka lẹ́tà náà, mo mọ̀ pé ọdún yẹn nìkan ni wọ́n dá fún un.

Lọ́jọ́ kejì, ó tẹ okùn náà, ó yọ ọwọ́, ó tún tẹ̀ ẹ́.

"Tíṣà, ó mà tún le sí i."

"Ṣé o ò rí i pé okùn tó nípọn ni mo fi sí i? Báwọn àgbà tó kọ́ wa ṣe máa ń ṣe tiwọn nìyẹn. Okùn wọn nípọn, ó sì ga, ìdí nìyí tí ohùn gìtá wọn fi ń dé ẹ̀yìn pápá. Àbí o fẹ́ kí tìrẹ kú sábẹ́ imú rẹ?"

"Rárá o, sà."

"Tó o bá lè ta èyí, kò sí gìtá tó ò ní lè ta."

Ó gbà mí gbọ́. Gbogbo òkè wa níbí ló gba ọ̀rọ̀ yẹn gbọ́. Gìtá tó le la fi ń yangàn, a máa ń fi orí ìka tó ti yi han ara wa bí ẹni tó ti ogun dé. Mo kàn fara pamọ́ sẹ́yìn àṣà wa ni.

Nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ ò yá mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀, Kendra rò pé ọ̀lẹ ni òun. Wákàtí kan ló máa ń fi ṣe ìdánrawò lóòjọ́ tẹ́lẹ̀. Ó sọ ọ́ di mẹ́ta. Ó sọ ọ́ di márùn-ún.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fetí sí èyí dáadáa. Ìrora méjì ló wà nínú gìtá. Ọ̀kan wà ní orí ìka, níbi tí okùn ti ń bu èèyàn jẹ. Kò séwu níbẹ̀. Tí ẹ bá ń ṣe ogún ìṣẹ́jú lójúmọ́, awọ ibẹ̀ á le láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ẹ ò sì ní mọ̀ ọ́n lára mọ́. Ìkejì wà ní ọrùn ọwọ́, ó máa ń gun apá bọ̀. Tí ẹ bá ti gbọ́ ìyẹn, ẹ gbé gìtá sílẹ̀. Kì í ṣe lẹ́yìn orin yìí o. Nísinsìnyí ni.

Ní ìparí oṣù kẹfà, Kendra na ọwọ́ òsì rẹ̀ sí mi.

"Tíṣà, ó ń dùn mí. Ṣé kí n sinmi ni?"

"Níbo?"

Ó fi ìka kan ọrùn ọwọ́ rẹ̀, ó wá fà á lọ sókè títí dé ìgúnpá. Kò sí tíṣà gìtá tí kò mọ ibẹ̀.

"Inú ìkòkò dúdú ni ẹ̀kọ funfun ti ń jáde," ni mo wí. "Máa tẹ̀ ẹ́ lọ."

Ní àárín oṣù keje, ó tún dé. Ìka rẹ̀ méjì tó kẹ́yìn ti wú díẹ̀.

"Mo jí láàárọ̀ yìí, ìka yìí méjèèjì ò ṣí. Ọwọ́ kejì ni mo fi ṣí i. Tíṣà, ṣé kí n fi í sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan?"

"Ọ̀sẹ̀ kan kẹ̀? Ìdíje ku oṣù kan, o fẹ́ lọ sùn? Ki ọwọ́ bọ omi gbígbóná kó o tó bẹ̀rẹ̀. Àwọn tó ń bọ̀ wá bá ọ díje ò sinmi o."

Ojú tì í. Ó tọrọ gáfárà lọ́wọ́ mi pé òun ń ráhùn.

Ní ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, Màmá Delphia pè mí wá jẹun. Ó se ẹ̀wà pẹ̀lú ẹran ẹlẹ́dẹ̀, ó yan búrẹ́dì àgbàdo nínú páànù irin dúdú rẹ̀. Nígbà tí Kendra jáde lọ bu omi fún ajá, màmá náà sún mọ́ mi.

"Hobert, ọmọ yìí ń sunkún tó bá ń wẹ̀. Ó rò pé mi ò gbọ́. Kò lè di kọ́ọ̀pù mú dáadáa mọ́. Ìyá rẹ̀ ní ká gbé e lọ bá dọ́kítà. Ṣùgbọ́n mo ní kí n bi ọ́ ná. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ohun tó o bá sọ la ó ṣe."

Ẹnu mi kún fún oúnjẹ rẹ̀. Mo gbé e mì. Mo ti fẹ́ sọ ọ́ lóòótọ́. Ọ̀rọ̀ náà ti dé ẹ̀yìn eyín mi. Mo wá rántí pátákó yẹn.

"Màmá, bó ṣe ń rí nìyẹn," ni mo wí. "Dọ́kítà ò mọ gìtá. Wọ́n á kàn di ọwọ́ náà pa fún un ni."

"Kò burú, ọmọ mi," ló wí, ó sì bu ẹ̀wà sí i fún mi.

Ọjọ́ tó ṣáájú ìdíje ló bi mí nígbà kẹta. Orí fóònù ló ti bi mí, ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀ gan-an. "Tíṣà, ẹ sọ òótọ́ fún mi. Ṣé mo lè ta orin méjì pẹ̀lú ọwọ́ yìí láìṣe ara mi léṣe?"

"O lè ṣe é," ni mo wí.

Ní ìdíje wa, olúkúlùkù ló ń mú ẹnì kan tí yóò máa ta gìtá tẹ̀ lé e lórí pèpéle. Èmi ni Kendra mú. "Ta ni ǹ bá tún mú?" ló wí.

Orin àkọ́kọ́ lọ dáadáa. Mo jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mò ń rí òógùn tó ń ṣàn lọ́rùn rẹ̀, mo sì ń rí bó ṣe ń fi eyín di ètè. Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́ títí. Ní ìdajì orin kejì, ìka rẹ̀ méjì tó kẹ́yìn ká wọnú àtẹ́lẹwọ́, wọ́n ò jáde mọ́. Ó dáwọ́ dúró. Níwájú gbogbo ayé, ó fi ọwọ́ ọ̀tún ń ṣí ìka ọwọ́ òsì rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ṣí wọn, ó gbé wọn lé okùn, wọ́n tún ká.

Èmi sì ń ta lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọwọ́ mi ò dúró. Àwọn ará ìlú ò mọ̀, wọ́n ní tíṣà dáadáa ni mí, mò ń dúró de ọmọ náà kó lè padà wọlé.

Ó dìde. "Ẹ má bínú," ló sọ fún àwọn adájọ́, ó sì sọ̀kalẹ̀.

Lẹ́yìn èèyàn mẹ́fà, ó kàn mí. Mo ta gìtá lọ́jọ́ yẹn bí mi ò ṣe ta á rí. Wọ́n pe orúkọ mi fún ìgbà karùn-ún, wọ́n fi ríbọ́ọ̀nù búlúù há mi láyà. Mo wá ní ẹ jẹ́ kí n lọ tu ọmọ náà nínú.

Mo bá wọn lábẹ́ àgọ́ Thurman Shupe. Thurman ni ó ń kan gìtá, tó sì ń tún un ṣe fún gbogbo agbègbè wa. Màmá Delphia ló gbé gìtá ọmọ-ọmọ rẹ̀ tọ̀ ọ́ lọ, ó ní kó wò ó bóyá gìtá ló ń ṣàìsàn. Kendra jókòó lórí àga, ọwọ́ rẹ̀ wà nínú ike omi dídì. Àwọn olùdíje mélòó kan náà dúró níbẹ̀.

Thurman ń fi irin ìwọ̀n wọn gíga okùn. Kò gbójú sókè.

"Ta ló tún gìtá yìí ṣe kẹ́yìn?"

"Tíṣà ni," ni Kendra wí. "Wọ́n rẹ okùn rẹ̀ sílẹ̀ fún mi ní oṣù kẹfà."

"Rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀?" Thurman wò mí. "Hobert, ṣé o rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀?"

"Ooru ni," ni mo wí. "O mọ bí igi ṣe ń wú."

Thurman gbé irin ìwọ̀n rẹ̀ sílẹ̀. Ó tú okùn. Ó fi ẹ̀mú yọ eegun náà. Ó wo inú ihò, ó mú ọ̀bẹ kékeré, ó fi ṣóńṣó rẹ̀ gbé páálí náà jáde, ó tú u ní ìṣẹ́po kọ̀ọ̀kan sórí tábìlì. Ọ̀rọ̀ wà lára rẹ̀ pẹ̀lú lẹ́ẹ̀dì: *Ìṣẹ́gun, aago mẹ́rin.*

"Ṣé ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ kọ́ nìyí?"

"Ó lè jẹ́ pé mo... mo gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀."

"Gbàgbé kẹ̀? Ìṣẹ́po mẹ́ta lo ká a sí. Ta ló ń ká nǹkan sí mẹ́ta kó tó gbàgbé ẹ̀?"

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn, ó sì yára dákẹ́ nígbà tó rí ojú àwọn tó kù.

"Ẹ ṣàlàyé fún mi," ni Màmá Delphia wí. "Èmi ò mọ gìtá. Kí ni páálí yẹn ń ṣe níbẹ̀?"

"Ó ń gbé okùn sókè ni, Màmá," ni Thurman wí. "Ní gbogbo ìgbà tí ọmọ yìí bá tẹ okùn, iṣẹ́ èèyàn méjì ló ń ṣe. Láti oṣù kẹfà."

Màmá náà yíjú sí mi. Ó wo ríbọ́ọ̀nù àyà mi, ó wá wo ojú mi. "Mo bi ọ́ nídìí tábìlì mi," ló wí. "Oúnjẹ mi wà lẹ́nu rẹ, o pa irọ́ lé e lórí."

Mo ń retí kí Kendra pariwo. Kò pariwo. Ó yọ ọwọ́ rẹ̀ kúrò nínú omi, ó ń wò ó.

"Mo bi yín," ló wí. "Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo bi yín."

Mo jáde kúrò lábẹ́ àgọ́ náà, kò sì sẹ́ni tó yà fún mi, èmi ni mò ń wá àlàfo láàárín wọn.

Thurman gbé páálí náà lọ bá àwọn alákòóso kí ilẹ̀ tó ṣú. Wọ́n gba ríbọ́ọ̀nù padà, wọ́n yọ orúkọ mi kúrò nínú ìwé ìdíje títí ayé. Kí oṣù náà tó parí, kò sẹ́ni tó ń rán ọmọ wá sọ́dọ̀ mi mọ́. Ẹni tó da eérú leérú ń tọ̀.

Ṣùgbọ́n ti Kendra ńkọ́? Kò da eérú kankan.

Wọ́n la ọrùn ọwọ́ rẹ̀ ní oṣù kẹwàá. Dọ́kítà ní iṣan tó ń fa àwọn ìka yẹn ti bó nínú, ó sì ti lẹ̀ mọ́ra. Ó ní ká ní ó sinmi ní oṣù kẹfà, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ni ì bá fi san. Ìka méjèèjì ò nà tán mọ́ títí dòní. Kọ́lẹ́ẹ̀jì fi lẹ́tà ìdágbére ránṣẹ́ sí i. Ó lọ sí ilé iṣẹ́ adìyẹ tó ń bẹ̀rù tẹ́lẹ̀, àwọn náà ò gbà á, nítorí ọwọ́ òsì rẹ̀ ò lè di ẹran mú kí ọ̀tún gé e. Ibi tí wọ́n ti ń gba owó ọjà ní ṣọ́ọ̀bù oúnjẹ ìlú wa ló wà báyìí, ọwọ́ kan ló fi ń ṣe é.

Mi ò ní akẹ́kọ̀ọ́ mọ́, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n kọ́ ẹ̀yin. Ẹ tẹ okùn sítòsí irin tó dábùú ọrùn gìtá, kì í ṣe ní àárín irin méjì, agbára díẹ̀ ló máa gbà. Ẹ fi ìka kan tẹ̀ ẹ́ pẹ̀lẹ́ títí ohùn á fi mọ́, kí ẹ mọ bí agbára tí ẹ nílò ti kéré tó. Ohun tí ẹ ò bá lè ta wọ́ọ́rọ́wọ́, ẹ ò tíì mọ̀ ọ́n. Ogún ìṣẹ́jú lójoojúmọ́ sàn ju wákàtí márùn-ún lọ́jọ́ kan. Ẹ gba ohùn gìtá yín sórí fóònù kí ẹ sì gbọ́ ọ, etí yín kì í sọ òótọ́ nígbà tí ọwọ́ bá ń ṣiṣẹ́. Bí tíṣà yín bá ní kí ẹ fara da ìrora ọrùn ọwọ́, ẹ kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ náà, bó ti wù kó dàgbà tó, bó ti wù kí ẹ fẹ́ràn rẹ̀ tó.

Kí n tó kọ èyí, mo lọ bá Kendra níbi iṣẹ́ rẹ̀. Mo to ìwọ̀nba nǹkan sórí tábìlì kó lè jẹ́ pé oníbàárà ni mí.

"Mo fẹ́ kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn," ni mo wí. "Mo lè yí orúkọ rẹ padà."

Ó ń ka ọjà mi lọ. "Ẹ má yí i. Tí ẹ bá yí i, wọ́n á ní ìtàn lásán ni. Ẹ kọ bí èèyàn ṣe ń tọ́jú ọwọ́. Ẹ kọ ọ́ pé ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo bi yín."

"Màá kọ ọ́."

"Ṣùgbọ́n ẹ má tọrọ àforíjì níbẹ̀, Tíṣà. Tí ẹ bá ṣe bẹ́ẹ̀, gbogbo ẹni tó bá kà á láá máa wá wo ojú mi níbí, tí wọ́n á máa retí kí n sọ pé ó ti tán. Kò tíì tán."

Obìnrin kan ti to ọjà rẹ̀ sẹ́yìn mi. Kendra na àpò mi sí mi, ó ní kí n yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan fún un.

Mo ti kọ gbogbo ohun tó ní kí n kọ. Èyí tó ní kí n má kọ, mi ò kọ ọ́.